Àyà Tó Ń Já, Ojú Tó Ń Wò Wá: Àníyàn Ọ̀dọ́langba àti Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́

Ní ọdọọdún, bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì láti béèrè ohun kan náà: báwo ni òun ṣe lè sọ fún ìyá òun àgbà ní Yorùbá pé òun ní anxiety? Ìyá àgbà náà lè wà ní Ìbàdàn, ó sì lè wà ní Mesquite níbí, ní ilé ọmọ rẹ̀. Ìdáhùn inú ìwé atúmọ̀ èdè rọrùn: àníyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà pé, "Mo ní àníyàn," ó ṣeé ṣe kí ó bi yín pé, "Àníyàn kí ni?" Ní etí tirẹ̀, àníyàn máa ń ní ìdí tí a lè tọ́ka sí: owó ilé, ọmọ tó ń rìnrìn-àjò lóru, àìsàn ọkọ. Ẹrù àgbà ni. Kí ni ọmọ ọdún 16 tí kò san owó ilé, tí kò bọ́ ẹnikẹ́ni, ń ṣe àníyàn lé lórí?

Nítorí náà, èmi kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo máa ń ní kí ó sọ ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe. Àyà mi máa ń já. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Mi ò kì í rí oorun sùn lóru. Inú máa ń run mí kí n tó wọ kíláàsì. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ èyí, yóò fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, yóò ní kí ẹ jókòó.

Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn gbólóhùn yìí: Ẹ̀rù ń bà mí. Ojú ń tì mí. Ìpayà dé bá mi. Hílàhílo bá mi. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀rù, ojú, ìpayà àti hílàhílo ni olùwà; ẹni tí nǹkan ń ṣe ni àbọ̀. Ohun náà dé, ó bá èèyàn níbi tó wà. Ohun tó dé sì lè lọ. Mi ò sọ pé gírámà ń wo àìsàn o. Yorùbá tí àyà rẹ̀ ń já kò sinmi ju òyìnbó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti sọ fún mi pé ó fúyẹ́ lẹ́nu àwọn láti sọ pé "ìpayà dé bá mi" ju kí àwọn sọ pé irú ẹni báyìí ni àwọn.

Ohun méjì tó ń bá àníyàn ọ̀dọ́langba rìn ni a ó kà nípa rẹ̀ níbí: ojú tí ọ̀dọ́langba fi ń wo ara rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń sọ. Ọ̀dọ́langba ni ẹni tó wà láàárín ọdún 13 sí 19, nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí kò tíì jáde kúrò níbẹ̀.

Àníyàn lásán kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò já rárá kí ó tó ṣe ìdánwò lè má kàwé. Ó di àìsàn nígbà tí ó bá pọ̀ ju ohun tó fà á lọ, tí kò tètè lọ, tí ó sì ń dí èèyàn lọ́wọ́ láti lọ sí ilé-ìwé, láti jẹun, láti sùn tàbí láti bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe káàkiri Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2001 sí 2004, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Ọ̀dọ́ 10,123 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 13 sí 18 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nǹkan bí 32 nínú 100 ni irú àìsàn àníyàn kan tàbí òmíràn ti ṣe rí. Láàárín àwọn ọmọbìnrin, ó jẹ́ 38 nínú 100. Láàárín àwọn ọmọkùnrin, 26. Àwọn tí ó ṣe débi pé ó da ìgbésí ayé wọn rú kéré sí èyí púpọ̀, nǹkan bí 8 nínú 100.

Ẹ kíyè sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Instagram kò tíì sí. Ọdún 2010 ni ó dé. Mo sọ èyí nítorí pé níbi tí òbí mẹ́ta bá ti pàdé, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Fóònù ní ẹ̀bi tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àníyàn ti wà ṣáájú rẹ̀. Ní 2022, ìgbìmọ̀ oníṣègùn kan tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀ dábàá pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo ọmọ ọdún 8 sí 18 wò fún àníyàn, kódà bí a kò bá tíì rí àmì kankan lára wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí nǹkan yìí ń ṣe kò sọ ọ́. Wọ́n á ní inú ló ń run àwọn. Wọ́n á ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n á ní àwọn kò fẹ́ràn olùkọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Nínú èdè Yorùbá, ojú ni ìtìjú ń gbé: ojú ni ó ń ti èèyàn, kì í ṣe ọkàn, kì í ṣe orí. Ní 1902, Charles Horton Cooley, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Yunifásítì Michigan, kọ̀wé pé dígí ni àwọn ẹlòmíràn jẹ́ fún wa. Ó ní ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. A máa ń ro bí a ṣe rí lójú ẹni kejì. A máa ń ro irú ẹjọ́ tí ó ń dá nípa ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ni orí wa yóò wú, tàbí kí ojú tì wá. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni kejì kò tíì sọ nǹkan kan. Àwa fúnra wa ni a rò ó, àwa ni a dá ẹjọ́, àwa náà ni ojú tì.

Ní 1967, David Elkind, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, fi kún un pé ọ̀dọ́langba máa ń rò pé òun wà níwájú òǹwòran nígbà gbogbo. Bí irorẹ́ kan bá yọ sí i níwájú orí, ó dá a lójú pé gbogbo ilé-ìwé ló rí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn yòókù ń ronú nípa irorẹ́ tiwọn. Kí á má fi ọmọ nìkan ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwọn òbí Yorùbá náà ní òǹwòran tiwọn. "Kí ni ayé máa wí?" ni a ń bi ara wa kí a tó yan aṣọ tí a ó wọ lọ sí òde ní Arlington. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé àgbà ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ọmọ ọdún 14 kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Susan Harter, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Denver, ṣe ìwé ìbéèrè kan fún àwọn ọ̀dọ́langba ní 1988. Kò kàn bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ó pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́jọ: ẹ̀kọ́, bí ẹgbẹ́ ṣe gba èèyàn, eré ìdárayá, ìrísí, iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ìwà, àti níní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè iyì tí ọmọ fún ara rẹ̀ lápapọ̀. Ọmọ lè gbà pé òun mọ ìwé, kí ó sì gbà pé òun kò lẹ́wà, nígbà kan náà. Ohun tí wọ́n sì ń rí léraléra ni pé ìrísí ló sún mọ́ iyì ara ẹni jù lọ, ju ẹ̀kọ́ lọ, ju eré ìdárayá lọ. Ó bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí èsì ìdánwò ni àwa òbí ń ṣọ́ jù.

Báwo ni ojú tí èèyàn fi ń wo ara rẹ̀ ṣe wá ń di àyà jíjá? Àlàyé tó yé mi jù ni èyí tí David Clark àti Adrian Wells, onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní 1995. Nígbà tí ẹni tó ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ bá wọ yàrá tí èèyàn pọ̀ sí, kì í wo àwọn èèyàn náà. Inú ara rẹ̀ ni ó ń wò. Ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkì, ó ń mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n, pé òógùn ń bo òun. Láti inú ohun tí ó ń gbọ́ nínú yìí ni ó ti ń ya àwòrán bí òun ṣe rí lóde: "Wọ́n ti rí i pé mò ń gbọ̀n." Wọn kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ti gba àwòrán yẹn gbọ́, nítorí náà ó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ó tẹrí ba. Ó mú fóònù jáde. Ó ń to gbólóhùn kan pọ̀ lọ́kàn kí ó tó sọ ọ́, nígbà tí yóò fi tò ó tán, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá rò pé ó ń gbéra ga, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó padà sílé, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọn ò fẹ́ràn mi." Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé kò ráàyè mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí itòsí. Àwọn Yorùbá tó wà ní agbègbè Dallas fọ́n ká: Garland, Mesquite, Irving, Grand Prairie, Arlington, DeSoto. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin ọdún 15 kan nínú wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé, olùkọ́ ń pe orúkọ. Ó pe mẹ́ta, ó wá dákẹ́, ó tẹjú mọ́ ìwé. Ọmọ náà mọ̀ pé orúkọ òun ló kàn. Kí olùkọ́ tó lanu, ó ti nawọ́ sókè, ó ti fún un ní orúkọ kúkurú kan tí kò ní ìtumọ̀. Ní Sátidé, ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí òde. Àǹtí kan bá a sọ Yorùbá. Ó gbọ́ ọ, ó sì dáhùn, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé wá bú sẹ́rìn-ín nítorí bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Ní ilé-ìwé, Yorùbá rẹ̀ pọ̀ jù. Ní òde, kò tó. Ó wo dígí méjì, kò sì rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kankan. Bóyá nígbà àpéjọ ọdọọdún tí ìjọ Ìràpadà ń ṣe ní àgọ́ wọn ní Floyd, ìlà-oòrùn Dallas, ni ó ti ń rí ọmọ tí orúkọ wọn gùn bíi tirẹ̀ lọ bíi rẹrẹ.

Mo máa ń rántí oríkì nígbà tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Òbí tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Àṣàkẹ́ tàbí Àjàní láàárọ̀ kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti fún un ní dígí kan tí kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Kì í ṣe oògùn. Ṣùgbọ́n ó dára kí ọmọ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n pè kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò pè é bàjẹ́.

Fóònù wá mú dígí yìí wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí, ó sì fi nọ́ńbà sí i. Láyé àtijọ́, èèyàn kò lè mọ iye ẹni tó fẹ́ràn aṣọ tí òun wọ̀. Ní báyìí, a kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025, òfin Texas kò gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba láàyè láti lo fóònù títí wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ padà sórí ahọ́n ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń tu ni lára, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wá díjú.

Yorùbá ní ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Gbogbo wa la gbà pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ wá ọ̀rẹ́, kí ó sọ ọ́ jáde. Amanda Rose ní Yunifásítì Missouri ni ó kọ́kọ́ béèrè pé, bí ọ̀rọ̀ náà bá wá pọ̀ jù ńkọ́? Ní 2002, ó fún ìwà kan lórúkọ: kí ọ̀rẹ́ méjì máa sọ ìṣòro kan náà léraléra, kí wọ́n máa méfò nípa ohun tó fà á àti ohun búburú tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí wọ́n sì máa ti ara wọn láti tún un sọ. Orúkọ tó fún un ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ mọ́ bí màlúù ṣe ń pọ koríko tó ti gbé mì sẹ́nu láti tún un jẹ. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn: màlúù ń jẹ àpọ̀jẹ. Nítorí náà, níbí, a ó máa pe ìwà yìí ní jíjọ jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀.

Ní 2007, Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí mìíràn jáde, lórí ọmọ 813 tí wọ́n tẹ̀ lé fún oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n rí ṣòroó gbé mì. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń jẹ àpọ̀jẹ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn, ọ̀rẹ́ wọn túbọ̀ gún régé. Àníyàn wọn àti ìbànújẹ́ wọn náà sì túbọ̀ pọ̀ sí i. Ohun kan náà ló fa méjèèjì. Fún àwọn ọmọkùnrin, ọ̀rẹ́ nìkan ló dára sí i. Kò sí àfikún àníyàn. Ó tún jọ pé ọ̀nà náà lọ, ó sì bọ̀: ọmọ tí àníyàn rẹ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń wá ẹni tí yóò bá a jẹ àpọ̀jẹ sí i.

Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti gba ọmọ nímọ̀ràn. Bí òbí bá sọ pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ló ń kó bá ọ," ọmọ mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ọ̀rẹ́ yẹn ni ẹni kan ṣoṣo tó ń gbọ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń hùwà ibi níbẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí:

— Ṣé o rí bó ṣe wò mí?
— Mo rí i. Ojú tó fi wò ẹ́ yẹn ò dáa.
— Àbí wọ́n ti sọ nǹkan nípa mi ni?
— Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?
— Ìyẹn gan-an ni mò ń rò. Mi ò sùn lánàá.
— Èmi náà ò sùn. Tún un sọ fún mi, báwo ló ṣe wò ẹ́ gan-an?

Ìfẹ́ ló wà nínú gbogbo gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn: ẹni kejì ti gbà pé ojú burúkú ni, kí ó tó béèrè, ó lọ hú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jáde, ó ní kí a tún padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Dígí méjì ló kọjú síra wọn. Ẹ wá ka èyí:

— Ṣé o rí bó ṣe wò mí?
— Mi ò rí i. Ó dùn ẹ́, àbí?
— Ó dùn mí gan-an. Àyà mi ṣì ń já.
— Pẹ̀lẹ́. Kí lo rò pé ó fà á?
— Bóyá ó ń bínú sí mi. Tàbí kó jẹ́ pé kò tiẹ̀ rí mi.
— Ṣé ká bi í lọ́la? Màá tẹ̀ lé ẹ.
— Ẹ̀rù ń bà mí.
— Mo mọ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ jẹun ná.

Ọ̀rẹ́ kejì yìí kò sọ pé "má dá wọn lóhùn." Kò sọ pé "gbàgbé ẹ̀." Ó kọ́kọ́ kí i fún ìrora rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń ṣe, ọ̀rọ̀ "pẹ̀lẹ́" ń ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè ju ẹyọ kan lọ, ó fi ara rẹ̀ sí i, ó sì mú ọ̀rọ̀ dé ibi kan tí ó lè dúró sí. Oúnjẹ náà kì í ṣe àwàdà. Àwọn àgbà máa ń ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ kí a ríran nígbà tí a ń sunkún ni ọ̀rẹ́ kejì yìí.

Ti àwọn ọmọkùnrin kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọn kì í jẹ àpọ̀jẹ tó àwọn ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ti kọ́ láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún.

Àwọn òbí ńkọ́? Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù ni "Nígbà tiwa, kò sí irú èyí." Ó wà. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní àkókò tí Thomas Adéoyè Lambo ń darí ilé ìwòsàn Aro, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí àwọn bí èèrà, pé ojú àwọn ń ṣú, pé ohun tí àwọn kà kò wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pè é ní brain fag, pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince rò pé ọ̀nà ẹ̀kọ́ òyìnbó ló fà á: ọmọ tó dàgbà nínú agbo ilé, tí wọ́n ń jọ ṣe ohun gbogbo, wá di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dá jókòó ti ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí gbogbo ẹbí wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, kò gbà pé àìsàn Nàìjíríà nìkan ni. Gbólóhùn náà pàápàá ti wà lẹ́nu àwọn òyìnbó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ yẹn, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá àgbà yín, kò pè é ní àníyàn. Wọ́n sọ ohun tí ara wọn ń ṣe. Orí ń gbóná. Ọ̀nà kan náà ni mo ń kọ́ yín láti fi bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀.

Ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí, ó sì yẹ kí á mọ orúkọ rẹ̀. Ní 2019, ìjọba Texas dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TCHATT: ilé-ìwé lè so ọmọ pọ̀ mọ́ oníṣègùn ọpọlọ lórí kọ̀ǹpútà, òbí kò sì ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti pòrúurùu lè pe 988 nígbàkígbà, láti ibikíbi ní Amẹ́ríkà. UT Southwestern, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó wà ní Dallas níbí, sì ti mú ètò kan tó ń jẹ́ YAM lọ sí àwọn ilé-ìwé Texas. Yúróòpù ni ètò náà ti wá. Wọ́n dán an wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 11,110 ní ilé-ìwé 168 ní orílẹ̀-èdè 10, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2015. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré, wọ́n fi ara wọn sí ipò ẹni tí ìṣòro bá àti ipò ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ jíròrò ohun tí a lè ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó gbìyànjú láti pa ara wọn nínú wọn jẹ́ nǹkan bí ìdajì iye ti àwọn tí kò ṣe ètò náà. Ní àwọn ilé-ìwé mìíràn nínú ìwádìí kan náà, olùkọ́ ni wọ́n kọ́ láti dá ọmọ tí nǹkan ń ṣe mọ̀. Ìyẹn kò mú ìyàtọ̀ tó ṣe kedere wá. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kò dùn mọ́ mi láti kà á, ṣùgbọ́n ó yé mi: ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọ ibi tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kò dé.

Mo fi ti kíláàsì èdè sẹ́yìn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1983, ní Yunifásítì Texas ní Austin, wọ́n sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ 225 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè àjèjì pé ẹni tí ẹ̀rù kíláàsì bá ń bà lè wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọn yóò ti jọ máa sọ ọ́. Àwọn 78 ló fẹ́ wá. Àyè kò gbà wọ́n. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n lè ṣe, èèyàn 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn wọ̀nyí ni Elaine Horwitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwé ìbéèrè tí gbogbo ayé ń lò dòní láti fi wọn ẹ̀rù kíláàsì èdè, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ pé àyà àwọn máa ń já bí olùkọ́ bá fẹ́ pe àwọn. Wọ́n sọ pé àwọn gbàgbé ohun tí àwọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló rò pé gbogbo àwọn yòókù sàn ju àwọn lọ.

Nínú ẹgbẹ́ méjì yẹn, kì í ṣe ìrojọ́ nìkan ni wọ́n ṣe. Wọ́n sọ ohun tó ṣòro, wọ́n kọ́ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọ́ èdè, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń mú ara balẹ̀. Irú rẹ̀ ni a ó ṣe ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn Yorùbá kan tí ẹ̀rù ń bà á láti sọ níwájú èèyàn sórí ìwé péńpé, láìkọ orúkọ sí i. A ó kó gbogbo rẹ̀ sínú igbá kan, a ó máa mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo kíláàsì yóò sì jọ sọ wọ́n. Tèmi náà yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì: lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò ní Texas, mo ṣì máa ń to gbólóhùn mi pọ̀ lọ́kàn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pe ilé-iṣẹ́ iná lórí fóònù.